Tisquantum Délé, Kò Bá Ẹnì Kan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Massachusetts níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Tisquantum ló sì gbà mí lọ́kàn.

Ọmọ Wampanoag ni, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ará abúlé Patuxet létí òkun. Lọ́dún 1614, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hunt, fi ẹ̀tàn kó òun àtàwọn mìíràn, ó kó wọn lọ tà lẹ́rú ní Málaga, nílẹ̀ Sípéènì. Ọkùnrin yìí rí ọ̀nà bọ́, ó dé London, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé lọ́dún 1619. Kò bá ẹnì kan. Àjàkálẹ̀ àrùn tó bá ọkọ̀ òyìnbó wọlé ti pa Patuxet run. Àdúrà tí àwa tá a wà ní ìdálẹ̀ máa ń gbà ni pé ká relé, ká bálé láyọ̀. Ẹ gbọ́, mi ò lè ro tiẹ̀ kí omi má lé lójú mi.

Orí Patuxet yẹn gan-an làwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ọkọ̀ Mayflower wá tẹ ìlú Plymouth dó sí lọ́dún 1620. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá, inú máa ń bí mi. Àwọn obìnrin Wampanoag ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́: wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gbin àgbàdo, ẹ̀wà á gun igi àgbàdo, elégédé á tàn bo ilẹ̀ kí koríko má ráyè hù. Tisquantum ló tún kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo.

Olórí àwọn Wampanoag, Ousamequin, bá àwọn àlejò náà mulẹ̀ lọ́dún 1621. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Metacom, fi máa bá àwọn òyìnbó náà jagun ní 1675, ilẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pa á lọ́dún 1676, wọ́n gbé orí rẹ̀ kọ́ òpó ní Plymouth, wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ lẹ́rú sí erékùṣù Caribbean.

Síbẹ̀, wọn ò parun. Wọ́n wà ní ìlú Mashpee, wọ́n wà ní ìlú Aquinnah, ní Massachusetts níbí. Èdè wọn ti kúrò lẹ́nu ọmọ àti àgbà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Jessie Little Doe Baird tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde ní 1993, látinú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní èdè náà lọ́dún 1663 àti ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Ó sì fi tọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Láti 1970, gbogbo ọjọ́ Thanksgiving, ìyẹn ọjọ́ ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ní oṣù November, ni àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń pé jọ sí Cole's Hill ní Plymouth láti ṣọ̀fọ̀. Èmi àtàwọn ọmọ mi ń lọ lọ́dún yìí. Aago méjìlá ọ̀sán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Boston, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.