Bí èmi nìkan ṣe ń fi ẹ̀rọ kan ṣe iṣẹ́ koríko gígé jẹun n'Íbàdàn: ẹ wá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Aago méje ò tíì lù, mo ti wà nínú ọgbà ilé kan báyìí ní Akóbọ̀ n'Íbàdàn, òjò rọ̀ lálẹ́ àná, ẹ wo koríko yẹn, omi ṣì wà lórí ẹ̀, torí ẹ̀ mi ò ní tíì tan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká fi àsìkò yẹn sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́ pé báwo lèèyàn kan ṣoṣo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ koríko gígé, tí ò ní ọmọọṣẹ́, tí ò ní mọ́tò. Ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe é rèé, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ kiri nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni pé kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ máa padà sílé ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì niṣẹ́ yìí. Ẹni tó fi koríko sílẹ̀ lódindi ọdún tó wá ní kẹ́ ẹ wá ṣán an lẹ́ẹ̀kan, owó ẹ̀ dáa, àmọ́ èèyàn ò lè fi ìyẹn nìkan tọ́mọ.

Ẹ̀rọ ló kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ ra èyí tó ní táyà mẹ́rin tí wọ́n ń tì. Ẹ má tíì rà á. Ilẹ̀ ilé wa kì í tẹ́jú, òkúta wà níbẹ̀, gbòǹgbò igi wà níbẹ̀, tí òjò bá sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rọ̀ tẹ́nìkankan ò gé e, koríko á ti kan orúnkún, koríko tútù á dí ẹ̀rọ títì yẹn lọ́fun, á sì máa kú sí yín lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká yìí, brush cutter, òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orí ẹ̀, ó ṣeé pààrọ̀, okùn ńáílọ́nù wà fún koríko kúkúrú àti ẹ̀gbẹ́ ògiri, búléèdì irin wà fún ẹ̀ẹ̀kan, eésun, àti ewé Akíntọ́lá.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa níbí, torí ibí lọ̀pọ̀ ti ń pa ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnì tèmi yìí, two-stroke ni, kò níbi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń pò ó mọ́. Tẹ́ ẹ bá da bẹntiróòlù lásán sí i, á ṣiṣẹ́ o, á tiẹ̀ dún dáadáa, kó tó pẹ́ písítìnnì á ha, ẹ́ńjìnì á gan, owó ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá. Tí wọ́n bá kọ 50:1 síbẹ̀, mílílítà 20 ọ́ìlì ló ń lọ sínú lítà bẹntiróòlù kan, tó bá jẹ́ 25:1, mílílítà 40 ni. Tèmi jẹ́ 25:1, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ni mo ń lò, torí náà mílílítà 200 ni. Fídà ọmọdé tó ní nọ́ńbà lára yìí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo rà á fún. Ọ́ìlì two-stroke gan-an ni o, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ ti pò ó, kẹ́ ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ tó dà á sínú táǹkì, kẹ́ ẹ má sì pò ju èyí tẹ́ ẹ máa lò tán láàárín oṣù kan. Tí tiyín bá jẹ́ four-stroke, ibi tí ọ́ìlì ẹ̀ ń gbé wà lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ nǹkan kan.

Ká tó tan án, ẹ jẹ́ ká rìn yí ilẹ̀ ká. Òkúta, ìgò, wáyà, nǹkan ìṣeré ọmọdé, ẹ ṣà á kúrò. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mò ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kọ́sítọ́mà kan, òkúta tí ò tó èkùrọ́ ló ta, ló bá fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò yẹn yángá. Owó iṣẹ́ oṣù kan gbáko ló gbà. Mi ò bá wọn jiyàn, mo san án díẹ̀díẹ̀ títí mo fi san án tán, ilé yẹn ni mo ṣì ń gé títí di òní. Látìgbà yẹn, tí mọ́tò bá wà nínú ọgbà, mo máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e síta. Gọ́gù lójú, bọ́ọ̀tù lẹ́sẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn, nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí, kẹ́nikẹ́ni má sì sún mọ́ yín tó mítà 15.

Tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ máa jù ú láti ọ̀tún sí òsì báyìí. Orí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, apá òsì ló ń yí sí, torí náà koríko tó bá já á máa bọ́ sápá òsì níbi tẹ́ ẹ ti gé kọjá. Ẹ má ha ilẹ̀! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọgbà tí wọ́n gé débi pé erùpẹ̀ pupa ló kù. Carpet grass, koríko tí wọ́n ń gbìn sínú ọgbà, tí wọ́n bá ha á báyẹn, á kú, gbági àti patanmọ́ á gba ipò ẹ̀. Ẹ fi bí íǹṣì méjì sílẹ̀, ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti ga jù, ẹ gé díẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú fín oògùn apakoríko bíi glyphosate tàbí paraquat sí i. Ẹ sọ fún wọn pé glyphosate ò mọ koríko tí wọ́n gbìn yàtọ̀ sí èyí tó hù fúnra ẹ̀, àti pé NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ owó. Mi ò ní dárúkọ iye kan torí owó bẹntiróòlù ò dúró sójú kan. Ẹ má wo púlọ́ọ̀tì, koríko ni kẹ́ ẹ wò, torí púlọ́ọ̀tì lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn, kí ilé àti sìmẹ́ńtì ti gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣírò bẹntiróòlù, ńáílọ́nù, owó ọkọ̀, wákàtí tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ tún yọ díẹ̀ sínú kóló fún ẹ̀rọ míì, torí èyí á gbó. Ti àkọ́kọ́ á wọ́n jù lọ torí igbó lẹ ń ṣán, àwọn tó tẹ̀ lé e á rọjú, ẹ sì ṣàlàyé ìyẹn fún wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rílé kan, àdúgbò yẹn ni kẹ́ ẹ dúró sí. Mo máa ń gé iwájú géètì àti ẹ̀bá gọ́tà mọ́ ọn láìgbowó, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i. Mo máa ń kí bàbá tó ń ṣọ́ géètì kejì dáadáa, torí òun ni ọ̀gá ẹ̀ máa bi. Ilé mẹ́rin lójú títì kan sàn ju ilé mẹ́jọ tó fọ́n kiri láti Àpáta dé Mọ́níyà lọ. Kí n tó kúrò nílé ẹnikẹ́ni, mi ò kì í sọ pé "ẹ pè mí tó bá hù," mo máa dá ọjọ́ ni: "Mà, Tuesday ọ̀sẹ̀ méjì òní ni màá padà wá o." Màá kọ ọ́ sínú ìwé lójú wọn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi ti wá.

Láti April títí dé October, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìgbà yẹn ni mo máa ń rẹ́ òdòdó, máa ń gbá ewé, mo tún máa ń tú ẹ̀rọ, mo máa fọ fílítà ẹ̀, mo máa pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì.

Oòrùn ti ń mú, koríko ti gbẹ. Màmá tó nilé ti ń gbé mọ́tò wọn jáde. Ẹ kú iṣẹ́ mà! Ẹ jẹ́ kí n wọ gọ́gù mi, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ògiri yìí.