“Tà Á!”: Ohun Tí Ojú Àwọn Olólùfẹ́ Oakland Athletics Rí

Níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá kan ní agbègbè Bay Area, ní California, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ níjọ́ náà. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń wò. Lójú ẹlòmíràn níhìn-ín, béèsìbọ́ọ̀lù kò ju kí àwọn géńdé di igi mú, kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n máa tutọ́ sílẹ̀. Mi ò bá yín jà. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ìbínú Arsenal tàbí Manchester United sùn rí kò ní ṣàì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí alẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Ẹgbẹ́ Oakland Athletics, tí gbogbo ayé ń pè ní A's, wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ́dún náà. Nínú oṣù tó ṣáájú, wọ́n gbá ìdíje kan tó jẹ́ pé ènìyàn 2,064 péré ni wọ́n kà nínú pápá tó lè gba ju 46,000 lọ. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ènìyàn 27,759 ló wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láyà rẹ̀: SELL. “Tà á.” Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló dáwó aṣọ náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì pín in. Nígbà tí eré wọ ìpele karùn-ún, gbogbo pápá pa rọ́rọ́ títí agbábọ́ọ̀lù kan fi gbá tirẹ̀ tán, àfi gbàù tí igbe sọ: “Ta ẹgbẹ́ náà! Ta ẹgbẹ́ náà!” A's na Tampa Bay Rays ní 2 sí 1 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Rays tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe dáadáa jù lọ́dún náà.

Ẹ lè máa rò ó pé ta ló ń bínú sí ẹgbẹ́ kan tí yóò tún lọ kún pápá rẹ̀ fọ́fọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun ìjà kan ṣoṣo tí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ní ni pé kó jókòó sílé. Àwọn ará Oakland ti jókòó sílé. Olówó ẹgbẹ́ wá mú àga òfìfo yẹn, ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: “Ẹ ò rí i? Ìlú yìí ò fẹ́ wa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kó lọ sí Las Vegas.” Bí o bá wá, owó rẹ wọ àpò rẹ̀. Bí o kò bá wá, ó fi àìwá rẹ ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti sọ pé àwọn ṣì wà láyé, pé ẹgbẹ́ kọ́ làwọn kọ̀, ẹni tó ni ín làwọn kọ̀. Nígbà tí wọ́n bi kọmíṣọ́nà eré náà, Rob Manfred, tó jẹ́ olórí líìgì, ohun tó sọ ni pé ó dára bí èrò pápá náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye èrò tí ẹgbẹ́ inú líìgì sábà máa ń rí, fún alẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti gbọ́ èébú rí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ẹ̀rín sọ ló máa ń dunni jù.

Ta ni ẹni tó ni ín? John Fisher ni, ọmọ àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Gap sílẹ̀. Òun àti Lew Wolff ló ra A's lọ́dún 2005 ní mílíọ̀nù 180 dọ́là. (Ọdún yẹn náà ni ìdílé Glazer gba Manchester United. Ọdún burúkú ni 2005 fún olólùfẹ́ ẹgbẹ́.) Wolff ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Iye tí wọ́n ń dá lé A's lónìí ti kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là, ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́ ayé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ní Nàìjíríà tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Shooting Stars ti Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀, já rí. Leeds náà já. Bí ẹgbẹ́ bá sì já, ìyà rẹ̀ a dé àpò olówó: owó tẹlifíṣọ̀n a fà sẹ́yìn, àwọn onígbọ̀wọ́ a sá. Ní Amẹ́ríkà, jíjá ò sí. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní Major League Baseball. Ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú sáà kan. A's pàdánù 112 nínú rẹ̀ lọ́dún 2023, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà nígbà tí ọdún yí po. Kódà, ẹni tó bá kùnà ni wọ́n ń fi sí ara àwọn tó máa kọ́kọ́ mú nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun.

Owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú ìpín 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó pa ní ìlú tirẹ̀ wá sójú kan, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Èrò rẹ̀ dára, kí New York má baà tẹ àwọn kéékèèké mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti owó yẹn láìná an, ọ̀nà wà fún un. Lórí gbogbo rẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ láti 1922 pé òfin tó ń dè àwọn oníṣòwò lọ́nà kí wọ́n má ṣe para pọ̀ dá ọjà gbà kò mú béèsìbọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú agbára ìdájọ́ yẹn ṣì wà títí di òní. Ìyẹn ni pé bí A's bá kó kúrò, kò sí olówó mìíràn tó lè kàn dìde kó gbé ẹgbẹ́ líìgì ńlá kalẹ̀ sí Oakland. Àwọn 30 yẹn ló gbọ́dọ̀ gbà fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ ni pé olówó ẹgbẹ́ kò ní ohun tó ń bẹ̀rù. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì bínú sí Super League, líìgì tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù fẹ́ dá sílẹ̀ fún ara wọn, ní oṣù Kẹrin 2021, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú rẹ̀ fi yọ ọwọ́. Ìbínú àwọn ti Oakland kò kéré sí tiwọn. Ṣùgbọ́n Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, ń bá ètò òfin tirẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń pariwo “Tà á” yẹn gan-an: láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 380 dọ́là owó ìlú fún pápá tuntun. Ní oṣù Kọkànlá, gbogbo àwọn olówó ẹgbẹ́ 30 dìbò, gbogbo wọn ló ní kó máa kó lọ. Ẹnì kan ṣoṣo kò lòdì sí i. Wọn ò tilẹ̀ gba owó ìkólọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, torí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ yẹn jinlẹ̀ sí jù.

Bí àdéhùn ṣe rí nínú eré yìí ni pé agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lo ọdún 6 nínú líìgì ńlá kó tó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú. Ọdún 3 àkọ́kọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Lẹ́yìn náà owó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. A's máa ń tọ́ ọmọ, wọ́n mọ̀ ọ́n tọ́, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Bí ọmọ bá wá tó ẹni tó ń gba owó gidi, wọ́n á fi ṣe pààrọ̀ àwọn ọmọdé tí owó wọn kéré. Ní oṣù Kẹta 2022, láàárín ọjọ́ mélòó kan, Matt Olson lọ sí Atlanta, Matt Chapman lọ sí Toronto, Chris Bassitt lọ sí New York Mets. Kí ó tó di ìparí ọdún, Sean Murphy tẹ̀lé Olson lọ sí Atlanta. Marcus Semien ti lọ ṣáájú wọn. Àdéhùn rẹ̀ parí lẹ́yìn sáà 2020, A's kò sì mú owó tó lè dá a dúró jáde. Ọmọ agbègbè yìí ni, California ní Berkeley ló ti kàwé. Lọ́dún 2021 ó gbá bọ́ọ̀lù 45 jáde kúrò nínú pápá fún Toronto. Olson gbá 54 fún Atlanta lọ́dún 2023, tí ẹnikẹ́ni kò gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ yẹn. Lọ́dún yẹn kan náà ni A's pàdánù 112. Owó-oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ló kéré jù nínú gbogbo líìgì.

Bí wọ́n ṣe ń ta wọ́n lọ yìí, wọ́n tún fowó lé tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa túmọ̀ ìyẹn. Ẹni tó bá yọ ẹran inú ọbẹ̀ tán tó wá fowó lé abọ́ kan, ó fẹ́ kí oníbàárà lọ ni.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun ní Oakland. Charlie Finley, tó kó ẹgbẹ́ náà wá láti Kansas City lọ́dún 1968, gba ife-ẹ̀yẹ ńlá ní 1972, 1973 àti 1974 léraléra. Ènìyàn eré ni Finley. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Kansas City, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1965, ó ní kí Bert Campaneris, ọmọ Matanzas ní Cuba, gbá ipò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú ìdíje kan ṣoṣo. (Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Cuba ń ṣọdún Caridad del Cobre, tí àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Cuba, mọ̀ sí Ọ̀ṣun, Matanzas sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àwọn Lùkùmí pọ̀ sí jù. Mi ò sọ pé Finley mọ̀ o.) Nígbà náà, ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ẹgbẹ́ ló ni agbábọ́ọ̀lù títí láé, àfi bí wọ́n bá tà á. Finley wá kùnà láti san apá kan owó Catfish Hunter bí àdéhùn ti sọ, onídàájọ́ sì tú Hunter sílẹ̀ ní ìparí 1974. New York Yankees gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn òmìnira ṣí fún àwọn yòókù, Finley gbìyànjú ní 1976 láti ta Rollie Fingers àti Joe Rudi fún Boston ní mílíọ̀nù kan dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì ta Vida Blue fún Yankees ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Kọmíṣọ́nà ìgbà náà, Bowie Kuhn, fagi lé e, ó ní kò ṣe eré náà lóore. Ẹ fi ìyẹn wé ti 2023.

Wọ́n á ní Oakland kéré, pé ìlú náà kò lè bọ́ ẹgbẹ́. Ìdílé Haas, àwọn aláṣọ Levi's, ra A's lọ́wọ́ Finley. Wọ́n náwó. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ 1989, ọdún tí ilẹ̀ mì tìtì láàárín ìdíje àṣekágbá. Lọ́dún 1990, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.9 ló wọ pápá kan náà, ní ìlú kan náà. Ta ló yí padà?

Kí n má bàa jẹ́ agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kan, pápá Coliseum ti gbó lóòótọ́. 1966 ni wọ́n ṣí i. Omi ìdọ̀tí a máa bú jáde nínú yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ tuntun, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí lórí ti Howard Terminal lẹ́bàá omi kó tó di pé Fisher kọjú sí Las Vegas. Òótọ́ sì ni pé owó nìkan kọ́ ló ń gba ife. Lọ́dún 2002, Billy Beane, ẹni tó ń bá A's yan agbábọ́ọ̀lù, fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là kó ẹgbẹ́ jọ, ó jáwé olúborí ní ìdíje 103, ogún nínú rẹ̀ léra wọn. Yankees ná ju ìlọ́po mẹ́ta iyẹn lọ, 103 ni àwọn náà rí. Èmi fẹ́ràn Beane. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọgbọ́n rẹ̀ ló pa wá. Ẹni tó bá fi epo díẹ̀ se ọbẹ̀ tó dùn, ọkọ rẹ̀ kò ní mú owó epo wá mọ́. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé ọgbọ́n tó wa jẹ, ẹgbẹ́ tí Beane kó jọ kò sì gba ife ńlá rí.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ìdíje ìkẹyìn ní Coliseum. Ènìyàn 46,889. A's na Texas Rangers ní 3 sí 2, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Mark Kotsay, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fún Luis Severino ní mílíọ̀nù 67 dọ́là fún ọdún 3, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wọn títí di ìgbà náà. Owó wà o. Láti 2025, pápá kékeré kan ní West Sacramento, tó ń gba nǹkan bí 14,000, ni wọ́n ń lò títí tí ti Las Vegas yóò fi parí. Wọn kò fi orúkọ ìlú kankan síwájú orúkọ wọn mọ́. Athletics lásán ni.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, màmá kan níwájú na ọwọ́. “Ọmọ mi, ta lo wá ń wò báyìí?”

Mo ní, “Màmá, ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní West Oakland, ní Raimondi Park, Oakland Ballers lorúkọ wọn. Líìgì ńlá kọ́ ni. Wọ́n ta ìpín fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, ẹni tó bá rà á ti di ara àwọn tó ni ín.”

Ó ronú díẹ̀. “Ṣé ó ṣì kù nínú èyí tí wọ́n ń tà?”