Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé àti Cerebral Palsy: Ẹ Ka Oṣù Ọmọ Yín Dáadáa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ẹ bá ti gbé ọmọ kúrò nínú ínkúbétọ̀ wálé, tí dókítà sì fẹnu ba ọ̀rọ̀ CP, ìyẹn cerebral palsy, kó tó ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ̀yin ni mo ṣe fídíò yìí fún. CP ni pé nǹkan ṣe ọpọlọ ọmọ nígbà tó ṣì kéré, tí ara rẹ̀ wá ń le tàbí tí kò ṣeé darí dáadáa. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, ẹ ti mọ ìyẹn.

Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí oṣù wọn ò pé kì í ní CP. Òótọ́ ni pé bí ọmọ bá ṣe tètè dé tó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó, pàápàá àwọn tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32. Ká ṣáà máa ṣọ́ wọn ni.

Àfiwé kan wà tí mo fẹ́ràn, ẹ gbà mí láyè. Ẹ tan iná yàrá, kò tàn. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù, kò tàn. Ẹ nu gílóòbù títí ó fi ń dán, kò tàn! Wáyà inú ògiri ló ní ìṣòro. Ẹsẹ̀ ọmọ ni gílóòbù yẹn, inú ọpọlọ ni wáyà ti ń bọ̀. Àwọn ihò kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí omi ń gbé. Wáyà tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ló sún mọ́ ihò omi yẹn jù lọ, ti ọwọ́ jìnnà díẹ̀. Lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, agbègbè yẹn gan-an ni kò tíì gbó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ tó, wáyà ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fara gbá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi sábà máa ń le gbagidi ju ọwọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ sórí àwùjẹ̀ ọmọ, kí wọ́n lè rí inú orí rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í ràn, kì í sì í ṣe ohun tí ìyá jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi òrí ra ẹsẹ̀ lálaalẹ́, gílóòbù lẹ̀ ń nù o.

Ó yá. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Ẹ sún mọ́bí. KÍKA OṢÙ ỌMỌ. Iye tó kù kí oyún pé nígbà tẹ́ ẹ bí i, ìyẹn lẹ máa yọ kúrò nínú oṣù tó ti lò láyé.

Ẹ bí ọmọ sí oṣù méje. Ẹ wá ní mẹ́sàn-án yọ méje, ó ku méjì, ẹ yọ oṣù méjì. Rárá! Mo ní rárá o! Ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n ń ka oyún sí. Ọmọ oṣù méje tí ẹ̀ ń wí, ẹ wo ìwé ọsibítù, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 28 ló wà níbẹ̀. 40 yọ 28, 12 ló kù. Ọ̀sẹ̀ 12, oṣù mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe méjì. Ẹ má fẹnu kà á. Ọ̀SẸ̀ ni kẹ́ ẹ fi kà á.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ 28 yẹn tó ti lo oṣù mẹ́sàn-án láyé, ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ máa kà á sí. Kò tíì jókòó? Ẹ jẹ́ kó rójú. Ọmọ aládùúgbò tó ti ń rá, oṣù tiẹ̀ pé kí wọ́n tó bí i. Báyìí lẹ óò máa kà á títí yóò fi pé ọmọ ọdún 2.

Ibi tó ti ń bí mi nínú nìyí o. Àwọn kan á wá fara pamọ́ sẹ́yìn ìṣirò yẹn. Wọ́n ti yọ ọ́ tán, ọmọ pé oṣù 8, kò jókòó: “Ṣebí oṣù ẹ̀ ò pé ni, á bá ẹgbẹ́ ẹ̀.” Ó pé oṣù 18, kò rìn: “Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn.” Ẹ̀Ẹ̀KAN ṢOṢO LÀ Ń YỌ Ọ́! Oṣù 8 láìjókòó, oṣù 18 láìrìn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́: ẹ gbé ọmọ, ó dọsibítù.

Àwọn àmì kan tún wà tí àwọn ará ilé máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n gbé ọmọ dúró lórí itan, ó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, orí ọmọníka ẹsẹ̀ ló dúró lé. “Alágbára! Á tètè rìn!” Ẹ rọra. Ṣé ẹsẹ̀ kan ń gun ìkejì? Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ Pampers, ṣé itan rẹ̀ ń là wọ́ọ́rọ́wọ́, àbí ẹ̀ ń fipá là á? Tẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yín méjèèjì, àbí ó le gbagidi sí yín lẹ́yìn? Ìyá tó ń pọnmọ lójoojúmọ́ lè mọ èyí kí dókítà tó mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ ńkọ́? Ìyá mi àgbà, bí ọmọdé bá ti na ọwọ́ òsì báyìí, wọ́n á ti gbá a. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í yan ọwọ́ kan láàyò. Bó bá jẹ́ òsì nìkan ló fi ń mú nǹkan, ẹ fi òsì lọ́rùn sílẹ̀, ọ̀tún ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ṣé ó dì í ní ìkúùkù ni?

Ẹ mú fóònù yín. Láti oṣù 3 sí 5, oṣù tẹ́ ẹ ti yọ o, ara ọmọ tó wà dáadáa máa ń mì wínníwínní, ọrùn, ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀, láìdúró sójú kan. Lọ́dún 1997 ni Dókítà Heinz Prechtl, onímọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé bí mímì yẹn ò bá sí, ó yẹ kí wọ́n fura gidigidi. Ẹ tẹ́ ọmọ kó kọjú sókè, kó jí sílẹ̀, kó má máa sunkún. Kò sí ohun ìṣeré, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ hàn. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orin sí i, kì í ṣe TikTok.

Ẹ mú fídíò yẹn àti ìwé tí iye ọ̀sẹ̀ wà lórí rẹ̀ lọ bá dókítà ọmọdé. Físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ara ọmọ bó ṣe máa gbéra, ò ní kó dìgbà tí wọ́n bá dá CP mọ̀ dájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Àmì nìkan tó. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ lọ padà wá, ẹ bi wọ́n pé oṣù wo, àti pé kí ló yẹ kí ọmọ ti máa ṣe nígbà yẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga.