Rírí Aràn Jàbùtẹ̀ Kí Ẹsẹ̀ Tó Wú

Ẹ kú ìjókòó o. Bí a bá ti dárúkọ jàbùtẹ̀, ẹsẹ̀ tó wú gìdìgbà ni ọkàn gbogbo wa ń lọ sí. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹsẹ̀ yẹn tì ná. Nígbà tó bá fi máa wú tó bẹ́ẹ̀, aràn tó fà á ti lè kú tipẹ́, a sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká má bá nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ọdún tí ara ò tíì fi nǹkan kan hàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn yìí kiri. Oríṣi aràn mẹ́ta ló ń fà á, ṣùgbọ́n Wuchereria bancrofti ló ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Inú àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi-ara, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní lymph, ń gbà kọjá ni àgbà aràn ń gbé. Abo rẹ̀ ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, síbẹ̀ kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Ó sábà ń lo ọdún 6 sí 8 níbẹ̀, ó ń bímọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òru làwọn ọmọ náà ń jáde, pàápàá láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án láti wá wọn lè má rí ohunkóhun.

Ní 1994, àwọn olùwádìí ní Recife, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, tẹ ìròyìn jáde pé àwọn fi ultrasound, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní síkáànù, rí àgbà aràn láàyè nínú àpò ẹpọ̀n ọkùnrin. Òpó omi-ara ti fẹ̀ níbẹ̀, aràn sì ń yí, ó ń lọ́ láìsinmi. Ijó filaria ni wọ́n ń pè é; filaria ni orúkọ irú aràn yìí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò bá lílù ọkàn rìn bí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń ṣe, ojú kan náà la sì tún máa ń bá a lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Àpò ẹpọ̀n ni bancrofti fẹ́ràn jù lára ọkùnrin. Ó le díẹ̀ láti rí i lára obìnrin. Àwọn aràn Brugia, ìyẹn oríṣi méjì tó kù, kì í sábà dé àpò ẹpọ̀n rárá. Nítorí náà, bí síkáànù ò bá rí i, ìyẹn ò ní kó má sí.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fún èròjà onítànṣán díẹ̀ sábẹ́ awọ ẹsẹ̀, kí kámẹ́rà máa tọ̀ ọ́ bó ṣe ń gòkè. Ọ̀nà yìí ló fi hàn pé ìṣàn omi-ara ti dàrú lára àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn ṣì rí rẹ́gírẹ́gí. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, kò yẹ ká fi síkáànù wá gbogbo ará ìlú kiri. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí ìka, tí a lè ṣe lọ́sàn-án tàbí lóru, ló yẹ fún ìyẹn. Àmọ́ àyẹ̀wò yẹn ṣì lè sọ pé aràn wà fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti kú. Ibẹ̀ ni síkáànù ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí dókítà fún ní doxycycline fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà Wolbachia tí aràn náà gbójú lé, díẹ̀díẹ̀ ni àgbà aràn rẹ̀ ń kú. Bí ijó bá ti dáwọ́ dúró nígbà tí a tún wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a mọ̀ pé oògùn ti ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá síkáànù ń pani lára. Rárá o, ìró lásán ló ń lò, kò ní ìtànṣán. Ti kámẹ́rà yẹn ló ní ìtànṣán díẹ̀, aláboyún sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó ṣe é fún un.