Àwọ̀ irun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí mo ṣe ń kùn ún tí kò fi ń já

Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, ẹ bá mi fara dà á, kò sí iná láti àárọ̀. Ìbàdàn la wà, oṣù Ẹrẹ́nà nìyí, òjò kò tíì rọ̀ tó nǹkan. Àǹtí tó jókòó síwájú mi yìí, olùkọ́ ni wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin máa ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ kí fọ́tò gbé ewú àwọn jáde. Bíráùn tó ṣókùnkùn ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ti gbà mí láyè kí n fi orí àwọn kọ́ yín níṣẹ́, ẹ bá mi kí wọn.

Ẹ máa rí i pé aṣọ ọrùn Àǹtí ń yí padà bí fídíò yìí ṣe ń lọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan la yà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wákàtí kan ni iṣẹ́ dáì: kí wọ́n pò ó, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó parí. Nígbà òjò, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ mú un jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá bá mi pẹ̀lú gèlè lórí tí wọn ò fẹ́ tú.

Àbúrò, sún kámẹ́rà mọ́ ibí. Fọ́nrán irun kan ṣoṣo ni mo mú dání yìí. Ojú yín ò lè rí i, ṣùgbọ́n ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló bò ó, bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan gun ọ̀kan, gbogbo wọn kọjú sí ṣóńṣó. Abẹ́ ìpẹ́ yẹn ni dúdú irun wà, ibẹ̀ náà ni omi rẹ̀ wà. Dáì tó máa pẹ́ lórí kò lè wọlé àfi bí amóníà inú rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbé ìpẹ́ yẹn sókè. Lẹ́yìn náà ni hydrogen peroxide á wọlé lọ bó lára dúdú irun, kí àwọ̀ tuntun tó ráyè jókòó. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, ìpẹ́ yẹn á padà, àmọ́ kì í padà dọ́gba bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó bá là sílẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Ẹ wá fi oòrùn kún un. Oòrùn fúnra rẹ̀ ń jẹ ara irun, ó sì ń mú kí àwọ̀ ṣá. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irun tiwa tó lọ́ pọ̀ yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀: òróró tí awọ orí ń sun kì í rìn dé ṣóńṣó, ọ̀nà ti wọ́ jù. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Ó yá. Ìgbésẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ dáì. Àná ni mo ní kí Àǹtí fi àdí àgbọn pa irun wọn láti ìdí dé ṣóńṣó, kí wọ́n wé e sùn. Mi ò ní kí wọ́n lo òrí fún eléyìí o. Òrí dára, kì í wọ́n nílé mi, ṣùgbọ́n ojú irun ló máa ń dúró sí. Àdí àgbọn ń wọnú irun lọ, kì í jẹ́ kí fífọ̀ gbé ara irun lọ púpọ̀. Ṣáḿpù tí kò le ni mo fi ń fọ̀ ọ́ báyìí. Ẹran ìka ni mo fi ń ra awọ orí, kì í ṣe èékánná, mi ò sì ká irun jọ sórí bí ẹni ń fọ aṣọ.

Ẹ má fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi. Mo ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láràárọ̀, ìyá mi ló ń rà á fún mi. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti èèpo kòkó. Agbára eérú yẹn tó ń bó ìdọ̀tí náà ló ń ṣí ìpẹ́ irun sílẹ̀, irun tí a fẹ́ kùn tàbí tí a ti kùn kò sì fẹ́ ìṣísílẹ̀ kún èyí tó ní. Ẹ fi wẹ ara, ẹ fi orí sílẹ̀.

Kọ̀ndíṣọ́nà tó ki ló tẹ̀ lé e. Mo pa á sí i, mo fi náílọ̀ọ̀nù bò ó fún ìṣẹ́jú 30. Mi ò gbé wọn sábẹ́ dráyà, ooru inú ṣọ́ọ̀bù yìí ti tó. Mo sì gé ṣóńṣó tó ti là kúrò, bí ìdajì íǹṣì. Àǹtí bínú díẹ̀. Dáì kì í tún ṣóńṣó tó là ṣe, ńṣe ló máa ń tú u fó.

Ọjọ́ yìí kan náà ni mo máa ń béèrè pé kí ló ti wọ irun yìí láàárín ọdún kan. Bó bá jẹ́ rílásà, ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí dáì tó tẹ̀ lé e. Ní ti bílíìṣì, èyí tó ń bó dúdú irun kúrò, mi ò ní ṣe é lórí irun tó ní rílásà, kódà bí ẹ san ìlọ́po mẹ́ta. Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, oníbàárà kan ń kánjú lọ sóde. Mo fi rílásà sí irun rẹ̀ láàárọ̀, mo fi bílíìṣì lé e nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ń da omi sí i, irun ń nà lọ́wọ́ mi bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń tẹ̀ lé omi lọ sínú báàfù. Ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí.

Ìgbésẹ̀ kejì, ọjọ́ méjì ṣáájú. Èyí làwọn èèyàn máa ń fò. Nínú ọ̀pọ̀ dáì tó ń pẹ́ lórí, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní PPD, ara àwọn kan kì í gbà á. Mo fi dáì tíńtín sẹ́yìn etí Àǹtí, a ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bó bá yún, tó pọ́n, tàbí tó wú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ dáì yẹn ti parí nìyẹn. Bí ojú bá wú tàbí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má wá mi kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe làálì dúdú sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀ nígbà ìyàwó yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Làálì tó jẹ́ ewé lásán, àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni í fi sí ara. Èyí tó dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan, dáì irun ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, PPD yẹn náà ni. Bó bá yún yín nígbà yẹn, tàbí tó lé ròrò, ara yín ti mọ̀ ọ́n, kò sì ní gbàgbé. Ọwọ́ ló yún nígbà yẹn, bó bá kan orí, gbogbo ojú ló lè wú. Ẹ sọ fún onídìrí yín kó tó ṣí páálí.

Ara Àǹtí gbà á. A dúpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ọjọ́ náà gan-an. Aago méje àárọ̀ ni mo pè wọ́n, kí oòrùn tó mú. Mi ò fọ irun wọn lónìí, mi ò fọ̀ ọ́ lánàá, torí òróró ara tó wà lórí awọ ló máa gbà wọ́n lọ́wọ́ títa dáì. Mo fi Vaseline pa etí, iwájú orí àti ọrùn. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi. Abọ́ oníke ni mo fi ń pò ó, kì í ṣe abọ́ irin.

Ẹ wo ìgò dẹfẹ́lọ́pà yìí, ohun tí a ń pò mọ́ dáì. Ẹ máa rí 10, 20, 30 tàbí 40 lára rẹ̀, ìwọ̀n peroxide inú rẹ̀ ni. 10 jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún, 20 jẹ́ 6, 30 jẹ́ 9, 40 jẹ́ 12. Ewú máa ń ṣe orí kunkun, 10 kì í bò ó dáadáa. 20 ni mo lò fún Àǹtí. Mi ò tọ́jú 40 sínú ṣọ́ọ̀bù mi rárá, kí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ má baà ṣèèṣì kàn án. Bí ẹ ṣe máa pò ó, ìwé inú páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Mo ti pín orí sí mẹ́rin. Ibi tí ewú ti pọ̀ jù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, ti Àǹtí sì jẹ́ ẹ̀bátí méjèèjì. Ẹni tí kò bá ní ewú, ìpàkọ́ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kí n fi iwájú kádìí ẹ̀, torí irun iwájú fẹ́lẹ́, ó máa ń tètè mu dáì. Ẹ mú irun díẹ̀díẹ̀. Bó bá nípọn, ojú rẹ̀ á mú, inú rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ẹ rí bí búrọ́ọ̀ṣì mi ṣe ń lọ? Kò gbo awọ orí.

Ìṣẹ́jú 35 ni ìwé inú páálí tèmi sọ. Aago ara ògiri ni mò ń wò, mi ò fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì gbé àga síta oòrùn kí ó lè tètè mú! Mo ti rí wọn, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bíi pé wọ́n ń sá ẹ̀lùbọ́. Lóòótọ́ ni ooru ń mú kí dáì yára, àmọ́ apá tó kọjú sóòrùn á ti gbó kọjá ààlà nígbà tí òdì kejì ò tíì mú. Àǹtí ní ṣé kí n fi ìyókù sí irun ojú àwọn. Rárá o. Dáì orí kì í ṣe tojú. Ìyókù, ẹ dà á nù, kò ṣeé tọ́jú.

Bí a ṣe ń dúró yìí, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóhùn, àwọn tó fẹ́ kí irun àwọn pọ́n bí àgbàdo gbó. Láti oṣù Bélú títí òjò á fi múlẹ̀, mi ò kì í ṣe bílíìṣì. Oníbàárà ti lọ nítorí ẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Irun dúdú wa gbọ́dọ̀ pàdánù dúdú rẹ̀ pátá kó tó di àwọ̀ yẹn, kò sì sí bí irun tó lọ́ pọ̀ ṣe máa fara da ìyẹn pẹ̀lú oòrùn yìí. Ẹ ra àtáṣímẹ́ǹtì alárànbarà, ẹ dì í mọ́ ọn, ẹ ó gbádùn ara yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, fífọ̀. Omi tútù díẹ̀, títí omi tó ń dà sílẹ̀ á fi mọ́. Mi ò fi ṣáḿpù sí i lónìí, kọ̀ndíṣọ́nà inú páálí ni. Omi kànga àdúgbò yìí ní ìpẹtà, ẹ wo ìdí báàfù mi bó ṣe pọ́n. Ìpẹtà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì ń dá àwọ̀ rú. Nítorí náà, píọ̀-wọ́tà méjì tó tutù ni mo fi ń ṣan ìgbẹ̀yìn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Kì í ṣe táwẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wù T-shirt tó ti gbó ni mo fi ń gba omi lára rẹ̀. Títẹ̀ ni, kì í ṣe rírà.

Kò sí dráyà, kò sí irin gbígbóná. Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di irun yín pinpin fún ọ̀sẹ̀ méjì, irun ìdí etí ló máa kọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo ṣe fún Àǹtí ni irun kíkó. Òwú dúdú yẹn náà o, tí àwọn ìyá wa fi ń kó wa nírun ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ wò ó dáadáa: mo fi omi díẹ̀ wọ́n irun, mo fi òrí tẹ̀ lé e, ibí gan-an ni òrí ti wúlò, ó ń dí omi mọ́nú. Lẹ́yìn náà ni mo ń yí òwú ká a láti ìdí, kò le, títí dé ṣóńṣó. Òwú bo irun, oòrùn ò rí i. Bí ẹ bá tú u lọ́sẹ̀ kejì, irun á ti nà láìfi iná kàn án.

Ẹ wé ìborí sátíìnì sùn, torí òwú inú ìrọ̀rí ń fa omi irun mu. Tí ẹ bá ń jáde láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, ẹ fi ìborí yẹn sísàlẹ̀ kí ẹ tó wé gèlè, tàbí kí ẹ tó dé akoto ọ̀kadà. Akoto yẹn ń ha irun gan-an. Fífọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì nígbà Àjíǹde, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin irun yín gbingbin, kí ẹ fi àdí àgbọn pa á. Irun tó ti mu omi yó ò ní ráyè mu klorínì inú omi wọn púpọ̀.

Lọ́sẹ̀ mẹ́fà òní, Àǹtí á padà wá. Irun máa ń hù tó bíi sẹ̀ntímítà kan lóṣù, nítorí náà ìdí irun nìkan ni ewú á ti yọjú, ìdí náà nìkan ni màá kùn. Ẹ má fa dáì dé ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kejì, ó ti mu tirẹ̀. Àǹtí, ẹ wo dígí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́, epo fẹ́ tán. Àbúrò, pa á.