"Wọ́n ní" lédè Òyìnbó: bí a ṣe ń jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Àgbádárìgì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, létí ọ̀sà. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yìí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí erékùṣù Gberefu ni. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ sí òdìkejì, iyanrìn ni ẹ ó máa tẹ̀ láàárín igi àgbọn títí ẹ ó fi kan kànga kan lójú ọ̀nà òkun. Kò sí àlejò tó débẹ̀ tí wọn kì í sọ ìtàn kànga náà fún. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú lọ sójú òkun, omi kànga yẹn ni wọ́n ń fún wọn mu, pé bí wọ́n bá ti mu ún tán, wọ́n á gbàgbé ilé.

"Wọ́n ní." Ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì yẹn dání, torí òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ta ni "wọ́n" yẹn? Láàárín wa, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ẹni tó bá ti gbọ́ "wọ́n ní" mọ̀ pé àtẹnudẹ́nu ni, pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú èdè Òyìnbó ló máa ń já bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ èmi náà rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan ní kí n bá àwọn kọ ìwé pélébé tí wọn yóò máa fún àlejò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "The water made the captives lose their memory." Ìyá àgbàlagbà kan tó wá wo ìlú kà á, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí o gbọ́ bẹ́ẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Gbígbọ́ ni mo gbọ́, àmọ́ ohun tí mo kọ ń sọ pé mo mọ̀. Gírámà rẹ̀ tọ́, kò sí olùkọ́ tó máa fi bírò pupa fà á, síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Ohun tó yẹ kí n kọ rèé: "The water is said to have made the captives lose their memory." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wọ inú rẹ̀, "is said to have", ìdúró gbogbo gbólóhùn náà sì yí padà.

Kí a tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń ròyìn ohun tí ẹnì kan sọ, èyí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pè ní afọ̀ agbàrán. Ohun tó máa ń dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà nítorí ìgbà. Ká ní Ìyá Bísí tó ń ta ẹja sọ lórí fóònù láàárọ̀ àná pé, "Mò ń bọ̀." Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ lónìí, mo máa ní, "Ó ní òun ń bọ̀." "Ń bọ̀" ti àná ni "ń bọ̀" ti òní. Òyìnbó kò ní gbà bẹ́ẹ̀. "She said she was coming" ni wọ́n máa sọ. Àná ló sọ ọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àná. Bákan náà ni "will" ṣe ń di "would", tí "can" ń di "could", tí "have seen" ń di "had seen", tí "must" sì máa ń di "had to".

Ṣé àṣìṣe wá ni "He said he will come"? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì fà á. Èmi kò gbà pátápátá. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí. Ní ọjọ́ Ajé, ọlọ́kọ̀ kan sọ fún wa pé òun máa gbé wa kọjá ní ọjọ́bọ̀. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lè ní, "He said he will take us on Thursday," torí ọjọ́bọ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú, àdéhùn náà ṣì wà láàyè. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí a jókòó sétí omi lánàá títí oòrùn fi wọ̀ tí a kò rí i, "He said he would take us" nìkan ló kù. Ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa á ti máa fura pé àdéhùn náà kò ṣẹ. Ohun tó ṣì jẹ́ òótọ́ di òní náà lè dúró bó ṣe wà: "She told us that Badagry is in Lagos State." Kò sí ìdí tí a ó fi sọ ọ́ di "was", bí ìgbà pé wọ́n ti gbé ìlú kúrò níbẹ̀.

Ti "today" tó ń di "that day", "tomorrow" tó ń di "the next day", àti "here" tó ń di "there", n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwa náà ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa ròyìn ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá kó ṣì máa pe ọjọ́ kejì rẹ̀ ní ọ̀la.

Ìbéèrè ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Àlejò kan bèèrè pé, "Where is the jetty?" Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní, "She asked me where is the jetty." Torí pé a máa ń gbé ìbéèrè wa lódindi ni: "Ó bi mí pé níbo ni èbúté wà." Lédè Òyìnbó, tó bá ti di ìròyìn, kì í ṣe ìbéèrè mọ́, "She asked me where the jetty was" ló yẹ. Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, "if" tàbí "whether" ló máa so ó pọ̀: "She asked whether the boat had left."

Ibì kan wà tí èdè wa fi yọ ju tiwọn lọ, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá débẹ̀. Dàpọ̀ àti Túndé jọ ṣe ìdánwò. Mo ní, "Dàpọ̀ sọ fún Túndé pé òun ti yege." Ta ló yege? Dàpọ̀ ni. Bí mo bá ní, "Dàpọ̀ sọ fún Túndé pé ó ti yege," kì í ṣe Dàpọ̀ mọ́. "Òun" ti là á láàárín kedere. Ẹ wá wo ti Òyìnbó: "Dapo told Tunde that he had passed." Ta ni "he"? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èdè wọn kò ní "òun" bí tiwa, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Ẹ lè dá orúkọ náà pè. Ẹ sì lè mú ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa tú u fúnra rẹ̀: "Dapo congratulated Tunde on passing." Ó ti hàn báyìí pé Túndé ló yege, a kò sì pe "he" rárá.

Irú ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi ẹni tó gbọ́ èdè hàn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọwọ́ tẹ ọkùnrin kan nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó sọnù. Ẹ lè kọ ọ́ pé "He said he took the engine," ẹ sì lè kọ ọ́ pé "He admitted taking the engine." "Said" ń sọ pé ó sọ̀rọ̀. "Admitted" ń sọ pé ó jẹ́wọ́, pé ẹ̀bi wà níbẹ̀, pé ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òun kọ́, "He denied taking it." Bó bá fàáké kọ́rí, "He insisted that he had never seen it." Ẹ wá fún "claimed" ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "The elders claimed that their fathers settled here first," ẹ ti fi àwọn àgbà hàn bí ẹni tí ẹ kò gbà gbọ́. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé gíga tó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn bàbá, tí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti rí wọn fín. "The elders recounted that", tàbí "According to the elders", ni ìbá kọ.

A ti wá padà sọ́dọ̀ "wọ́n". Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí wa láti ọ́fíìsì pé ká wá, a máa ń sọ pé, "They said I should come." Nínú ọkọ̀, láàárín ara wa, kò sí ohun tó ṣe é, gbogbo èèyàn Nàìjíríà ló máa yé. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹyọ ẹnì kan ló pè yín. "Wọ́n" yẹn kì í ṣe iye, bí a ṣe ń sọ ọ́ tí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan ni. "Wọ́n jí ọkọ̀ mi." Lédè Òyìnbó, ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n máa gbé síwájú, wọ́n á sì yọ ẹni tó ṣe é kúrò: "My canoe was stolen." Nínú lẹ́tà, ẹ kọ "I was asked to come." Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Akọ̀wé náà lè ti jágbe mọ́ yín pé, "Go and bring your certificate!" Nínú lẹ́tà yín, ó máa di "I was asked to bring my certificate." Ọ̀rọ̀ náà pé, orí yín sì wà lókè.

Bí a bá ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni "wọ́n" Òyìnbó wà, "wọ́n ní" ti rọrùn. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní: "It is said that Crowther translated part of the Bible in this house." Èkejì: "Crowther is said to have translated part of the Bible in this house." Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Crowther yẹn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Marina níhìn-ín ni mo sì ń sọ. Ọ̀nà kejì ló máa ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀. Mo ti rí "Crowther is said that he translated", mo sì ti rí "Crowther is said to translated". Méjèèjì kò dúró. Ohun tó bá tẹ̀ lé "to" ló ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó wà bẹ́ẹ̀ lónìí, "She is said to live in Ajara." Bó bá ń lọ lọ́wọ́, "She is said to be writing a book." Bó bá ti kọjá, "to have" ló máa wọlé, bíi ti Crowther. Bó bá ti kọjá, tó sì jẹ́ pé wọ́n ṣe é sí ẹnì kan ni, "He is said to have been sold twice." Nǹkan kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kíyè sí i: kò sí ẹni tó máa sọ pé "They say him to be rich." "He is said to be rich" nìkan ló wà. Àfi bí ìgbà pé ọ̀nà yìí ni wọ́n là sílẹ̀ fún àgbọ́sọ.

Ẹ lè fi "believed", "thought", "reported" tàbí "rumoured" rọ́pò "said", bí ohun tí ẹ gbọ́ bá ṣe lágbára tó. "Alleged" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn máa ń lò fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù: "The man is alleged to have stolen the engine." Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36(5), sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọ́n yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Oníròyìn tó bá kọ "the thief" kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ ti dá ẹjọ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi jù lọ rèé. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́, tí wọ́n ń mú àlejò kiri ìlú, bí wọ́n bá ti mọ "is said to" tán, wọ́n á máa fi í sí gbogbo nǹkan, torí ó ń dún bí èdè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Slaves are said to have been sold in Badagry." Mo ní kó pa á rẹ́. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Wọ́n ta èèyàn níhìn-ín, ó wà lákọsílẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè wọ́n ṣì wà nínú ilé tí wọ́n ti ń fi wọ́n han àlejò. Bí a bá fi "said" síwájú rẹ̀, a ti sọ ìyà tó jẹ èèyàn gidi di ìtàn ìjàpá. "People were sold in Badagry." Ẹ fi àmì ìdánudúró sí i. Bákan náà, ọdún 1845 ni Crowther dé Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì. Ó dájú, ẹ kọ ọ́ gbọnrangandan: "Crowther came to Badagry in 1845."

Ọ̀dọ́bìnrin tó kọ gbólóhùn yẹn jókòó, ó tún ìwé pélébé tèmi àtijọ́ kọ. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe wà lójú fídíò yìí:

"Captives were marched along this path to the sea. They are said to have been made to drink from this well. The water is said to have made them forget their homes. According to the boatmen, some visitors still refuse to taste it."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi "said" sí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi, sà. Ìyẹn kì í ṣe wọ́n ní."