Ọjọ́ Méjìlá ní Ìkẹ́rẹ́, Márùn-ún Lórí Bátìrì

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán o, ibi yòówù tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni níbí ní Brampton, ní Kánádà. Àwọn ọmọ ò tíì jí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo jókòó sí, kóòtù ń gbá mi lórí, kí ohùn mi má baà ta wọ́n jí. Gbénga, ibo lo wà?

GBÉNGA: Ẹ káàárọ̀, mà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, nínú yàrá tí mo ti kàwé WAEC mi. Aago mọ́kànlá ti lù lọ́dọ̀ tiwa. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo, òjò ni, orí páànù ló ń rọ̀ sí.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ọmọ Leeds ti dọmọ Ìkẹ́rẹ́ padà! Ọjọ́ mélòó lo gbà níbi iṣẹ́?

GBÉNGA: Méjìlá péré. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún, wọ́n sì lè ka ọlidé ìjọba mọ́ ọn. Ẹ yọ ọlidé kúrò, ẹ yọ àwọn ọ̀sẹ̀ tí iléèwé pa tí kò sẹ́ni tó máa jókòó ti àwọn ọmọ, ẹ yọ ọjọ́ tá a kó lọ sílé tuntun. Ohun tó kù nìyẹn.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ẹ̀yin tiẹ̀ ní 28. Ní Ontario ńbí, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fún ẹ, àfi tó o bá lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ ẹnì kan náà kó tó di mẹ́ta. Kò yà mí lẹ́nu pé mi ò tíì délé láti 2022. Má jẹ̀ẹ́ n sunkún láàárọ̀ yìí, jọ̀ọ́. Báwo ni màmá?

GBÉNGA: Ara wọn le. Wọ́n ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná, iṣu tuntun. Àmọ́ mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo dé. Mo ti lo márùn-ún nínú ẹ̀ lórí inverter.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Márùn-ún kẹ̀!

GBÉNGA: Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ní 2021, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi dáwó jọ, a gbé sólà sórí òrùlé màmá. Bátìrì mẹ́rin, olómi. Ẹni tó bá wa gbé e sọ fún wa lórí fóònù pé ká máa yẹ omi ẹ̀ wò, pé tó bá ti ń lọ sílẹ̀, ká bu omi bátìrì kún un. Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Àwa mẹ́ta tá a gbọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́ nínú wa.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ẹ ò sì sọ fún màmá.

GBÉNGA: A ò sọ fún màmá. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo ṣí ìdérí ẹ̀. Àǹtí, ó gbẹ bí ìṣà tí wọ́n gbàgbé sójú oòrùn. Irin inú ẹ̀ ti yọrí síta. Tí irin yẹn bá sì ti kúrò nínú omi, bátìrì ti ń kú lọ nìyẹn, omi tó o bá dà sí i lẹ́yìn náà kò lè jí i. Méjì ti lọ pátápátá. Mo ní kí n ra méjì tuntun rọ́pò, oníbátìrì ní Adó, nítòsí Fájuyì, ló rẹ́rìn-ín mi. Ó ní tí mo bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó ló máa fa tuntun wálẹ̀ sí ipò tiẹ̀. Mo padà sílé lọ ronú lórí owó. Mo tún padà lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì. Ẹ mọ bí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ṣe rí, kò jìnnà, àmọ́ tó o bá ní kó o lọ kó o bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bátìrì lẹ́yìn ọkọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Méjì tó kù ńkọ́?

GBÉNGA: Igi máńgòrò.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Igi máńgòrò wo?

GBÉNGA: Èyí tí bàbá gbìn sẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n gbé sólà yẹn, igi náà ò ga tó òrùlé. Ó ti ga ju òrùlé lọ báyìí. Òjìji ẹ̀ ń bọ́ sórí páńẹ́ẹ̀lì kan láti aago méjì ọ̀sán, wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ra tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà tí ọ̀kan bá wà nínú òjìji, gbogbo wọn ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ tún wá fi òjò oṣù kẹjọ kún un. Mo ní ká gé igi. Màmá ò dá mi lóhùn. Wọ́n kàn wò mí. Mo ní ká gé ẹ̀ka kan ṣoṣo. Odidi ọjọ́ kan la fi dúnàádúrà lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo! Ọjọ́ kejì tí mo gun orí òrùlé, mo mú ayùn dání, wọ́n bọ́ síta, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Gbénga, ṣé uná lo wá bẹ̀ wò ni, àbí èmi?"

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Yéè!

GBÉNGA: Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Orí òrùlé ni mo wà.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ n ò ní gbà fún màmá tán o. Ṣé o rí i, àwa tá a wà lókè òkun, a fẹ́ràn ká máa sọ pé ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, ìfẹ́ ló ṣe pàtàkì. Àtùpà ni ìyá tèmi ń wá lóru, ní Ìjerò, tó fi ṣubú lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ìbàdí wọn ló fara pa. Tí iná bá wà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò ní ṣubú. Nítorí náà, tí màmá ẹ bá ń bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú, kí iná wà.

GBÉNGA: Ẹ ṣeun. Ẹ mà tù mí nínú.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Má tíì dúpẹ́. Ọjọ́ mélòó lo fi jókòó tì wọ́n nínú mẹ́sàn-án náà?

GBÉNGA: (ó dákẹ́ díẹ̀) Tí a bá yọ ìgbà tí mo ń tún fóònù wọn ṣe kúrò ńkọ́?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Mo mọ̀! Kí ló ṣe fóònù?

GBÉNGA: Ó kún. Wọ́n ní fóònù ò gbé àwòrán mọ́. Mo ṣí WhatsApp wọn, àwòrán "ẹ kú àárọ̀" olódòdó, fídíò àdúrà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé, gbogbo ẹ̀ ló ń já sórí fóònù fúnra ẹ̀. Mo pa á, mo ní kó má máa gba fídíò àyàfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mo nu ohun tó wà níbẹ̀. Ayé wá mọ́lẹ̀, fóònù ń sáré. Ní ìrọ̀lẹ́, màmá ní, "Ta ló jí àdúrà mi kó?"

ÀǸTÍ DÚPẸ́: (ẹ̀rín) O nu àdúrà kúrò lórí fóònù ìyá rẹ ní Èkìtì, o tún ń retí ìbùkún!

GBÉNGA: Mo pe ìyàwó pásítọ̀ kó tún gbogbo ẹ̀ fi ránṣẹ́.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ó sàn ju tèmi lọ. Nígbà tí mo wálé ní 2022, mo gbé bléńdà kan láti Kánádà, bléńdà gidi, torí ata. Mo fi àdáńtà sí ẹnu púlọ́ọ̀gì, ó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ewúrẹ́ tí ọkọ̀ tẹ̀ nírù, èéfín sì yọ. Iná Kánádà, fóltì 120 ni. Tilé wa, 230 sí 240. Àdáńtà yẹn, orí púlọ́ọ̀gì ló ń pààrọ̀, kò fọwọ́ kan agbára iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì ò lè mọ ìyà yìí, torí iná yín àti púlọ́ọ̀gì yín bá tilé mu. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé ọlọ wọn síwájú mi.

GBÉNGA: Ẹ lọ̀ ọ́?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Mo lọ̀ ọ́! Ata gbogbo ilé. Ọwọ́ mi ta mí di ọjọ́ kejì. Kí n tiẹ̀ sọ òótọ́, ìdí ọlọ yẹn la ti sọ̀rọ̀ jù ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé.

GBÉNGA: Ẹ ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí mo ń tún fóònù màmá ṣe, mo wo àwọn ìpè tí mo ti pè wọ́n. WhatsApp máa ń kọ iye ìṣẹ́jú síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí mo ṣe máa ń pè nìyẹn, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì: ṣé ara le, ṣé ẹ ti jẹun, ó dàárọ̀. Mo wá rí ìṣẹ́jú 41. Ìṣẹ́jú 38. Ìṣẹ́jú 52. Mo wo ọjọ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí inverter bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ni, tí mo ń ní kí wọ́n gbé fóònù síwájú ẹ̀ kí n rí iná pupa, kí wọ́n tẹ ibí, kí wọ́n má tẹ ọ̀hún.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Hmm.

GBÉNGA: Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi o. Èmi ni mo kà á fúnra mi. Àmọ́ tí mo bá rántí, láàárín "ẹ tẹ ibí" àti "ẹ má tẹ ọ̀hún" ni wọ́n ti sọ fún mi pé aládùúgbò wa kú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé orúnkún ọ̀tún ń ro wọ́n. Wọn ò sọ ọ́ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta rí.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Torí kò sáàyè fún un nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. "Ṣé ara le?" "Ó le, a dúpẹ́." Ta ló máa sọ̀rọ̀ orúnkún síbẹ̀?

GBÉNGA: Mo ti wá tún inverter ṣe báyìí, kò pariwo mọ́.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Kò séwu, o ṣì máa rí nǹkan míì tó bàjẹ́. (ẹ̀rín) Rárá, mo mọ ohun tó ò ń sọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi náà. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, Sunday ìrọ̀lẹ́ nìkan la jọ máa ń wà nílé. Mo ní ká máa pa Wi-Fi fún wákàtí méjì. Àwọn ọmọ bínú títí di ìdajì wákàtí, wọ́n gbé ayò jáde. Ta lo rò pé kò lè fara dà á?

GBÉNGA: Bùọ̀dá?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Èmi ni! Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo tan dátà fóònù. Ọmọ mi obìnrin ló mú mi. Ó ní, "Mummy, ohùn TikTok ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn."

GBÉNGA: Ọlọ́run ò!

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ohun tá a ń ṣe báyìí ni pé àwọn ọmọ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ní Sunday. Kì í ṣe pé a ò ní ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ má purọ́, ta ló ń lo tiẹ̀? Ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ń kó sínú tèmi. Ṣùgbọ́n tí èèyàn méjì bá dúró sídìí omi, ọ̀kan ń fọ̀, ọ̀kan ń nù, ọmọ ọdún 13 á sọ ohun tí kò ní sọ tó o bá pè é wá jókòó pé "wá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀".

GBÉNGA: Bí ìdí ọlọ.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Bí ìdí ọlọ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún ẹ, àbí? Kí lo fẹ́ fi ṣe?

GBÉNGA: Mo ti ní kí n gbé router kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, torí ògiri ilé yìí nípọn, Wi-Fi kì í dé yàrá wọn...

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Gbénga.

GBÉNGA: Wákàtí kan ni, mà! Kí fídíò má máa já nígbà tí mo bá pè wọ́n. Mo ti ya ìṣẹ́jú 40 sọ́tọ̀ fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ti kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Wákàtí kan. Mo máa pe màmá láti béèrè o.

(Ohùn obìnrin láti ìta: "Gbénga o! Uṣu ti jinná!")

GBÉNGA: Mò ń bọ̀, mà!

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ta ló máa gún un?

GBÉNGA: Èmi. Mo ra ẹ̀rọ agúnyán fún wọn ní ọdún tó kọjá, ó ṣì wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní iyán ẹ̀ máa ń dà bí ẹni tí kò fẹ́ kí èèyàn jẹ ẹ́.

(Ilẹ̀kùn ń dún. Ohùn náà ti sún mọ́ tòsí: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?")

GBÉNGA: Àǹtí Dúpẹ́ ni, mà, ti Kánádà. Ẹ kí wọn. Ẹ sọ̀rọ̀ síbí.

MÀMÁ: Dúpẹ́! Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ẹ kú ilé, mà! Gbogbo wa wà, mà. Ẹ kú àmójútó Gbénga.

MÀMÁ: Gbénga? Orí òrùlé ló ń gbé. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé? Má gbé bléńdà bọ̀ o, wọ́n ti ròyìn fún mi.